Iṣẹ́ Àgbébọ̀ Ni Kí A Fi Sọ Ẹ̀rọ Lórúkọ

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ ló ń fẹ́ orúkọ tuntun. Láyà àti bróílà ti di tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n lóko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Brúdà, ilé tí a ń fi iná mú móoru fún òròmọdìẹ, ni mi ò lè gbà fún, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ẹlòmíràn lè fẹ́ pè é ní ilé ìsàba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin ni adìẹ ń sàba lé, fún ọjọ́ 21. Bó bá ti pamọ tán, ìsàba parí nìyẹn, ó di kó máa ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń kó ẹyin sí ló ni ìsàba. Ibi tí a ti ń fi iná mú ara òròmọdìẹ móoru, ilé ìràdọ̀bò ni. Orúkọ yìí ń kọ́ni níṣẹ́. Abẹ́ apá ìyá kì í ní ìlẹ̀kùn: ọmọ tí ooru bá mú á yọ jáde, èyí tí òtútù bá mú á wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ilé ìràdọ̀bò rí, kí iná wà lápá kan, kí àyè tútù wà lápá kejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru abẹ́ iná máa ń wà láàárín 32 sí 35°C, a ó sì máa dín in kù ní nǹkan bí 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù.

Àjẹsára pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra. A ti mọ́ ọn lára láti máa sọ pé "abẹ́rẹ́ àjẹsára", bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ni wọ́n sábà máa ń kán ti àrùn lúkúlúkú sí fún òròmọdìẹ, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ omi mímu. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló ká mi lára jù. Ọjọ́ 35 ni ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ilé wa ń lò kó tó pa, síbẹ̀ àwọn ìwé kan á kàn kọ "òròmọ" fún ti adìẹ àti ti pẹ́pẹ́yẹ. Oúnjẹ tó tó òròmọdìẹ kò tó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, torí pé fítámì B3 tí ara rẹ̀ ń fẹ́ pọ̀ ju ti adìẹ lọ. Bí kò bá rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń pọn bíà, tí a bá bù díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, kí a kọ oúnjẹ òròmọdìẹ lọ́tọ̀, kí a kọ oúnjẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lọ́tọ̀.

Bákan náà ni ohun ìmumi wọn. Ti òròmọdìẹ kò gbọ́dọ̀ jìn, kó má baà rì sínú rẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ki ẹnu bọ omi títí dé ihò imú, kó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ọpọ́n ìkẹnubọmi ni màá pe tirẹ̀.