Kẹ́ẹ̀gì Ẹlẹ́rìndòdò Tó Di Kẹ́ẹ̀gì Bíà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà ni kì í rọ ọtí wọn sínú ìgò mọ́. Kẹ́ẹ̀gì onírin tó ń gba nǹkan bíi lítà 19 ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọn a so sílíńdà gáàsì mọ́ ọn, wọn a sì máa já a láti ẹnu ẹ̀rọ. Kì í ṣe tìtorí bíà ni wọ́n ṣe ṣe kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìndòdò ló ti wá.

Ìwúkàrà tó ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà báálì ló ń pèsè gáàsì inú bíà, ìyẹn carbon dioxide. Bí ẹnu ìkòkò bá ṣí sílẹ̀, gáàsì náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí fún ẹmu tó ń hó lẹ́nu agbè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Joseph Priestley ń gbé ní 1767. Ó gbé omi sókè ọpọ́n ọtí tó ń hó, omi náà sì fa gáàsì mu títí tó fi ń ta lẹ́nu. Ní 1772 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tó di 1803, William Henry ti Manchester là á yé aráyé pé bí gáàsì bá ṣe ń ti omi lágbára tó ni omi ṣe ń gbà á sára tó. Omi tútù sì máa ń gbà á ju omi gbígbóná lọ. Orí ohun méjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì dúró lé.

Nígbà tí Amẹ́ríkà mú òfin tó de ọtí kúrò ní 1933, wọ́n gba aráàlú láyè láti ṣe wáìnì nílé, ṣùgbọ́n bíà kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tó tú u sílẹ̀: 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún fún àgbàlagbà kan, 200 fún ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé ìwé àṣẹ pípọn bíà nílé tiwọn láti 1963.

Ìgò ni àwọn apọntí ilé kọ́kọ́ ń lò. Bíà lítà 19 á gba ìgò kéékèèké bí àádọ́ta: kí a fọ̀ wọ́n, kí a bu ṣúgà díẹ̀ sí i, kí a dé e, kí a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgò á bú gbàù.

Ní gbogbo àkókò yẹn, kẹ́ẹ̀gì onírin yẹn, tí wọ́n ń pè ní Cornelius, kún ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìndòdò. Ti Pepsi ní ẹnu tí bọ́ọ̀lù kéékèèké ń há, ti Coca-Cola ní ẹnu onípíìnì: méjì níbi tí gáàsì ń gbà wọlé, mẹ́ta níbi tí ọtí ń gbà jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà so ó lódìlódì. Ìgbà tí wọ́n wá kó omi ẹlẹ́rìndòdò lọ sínú àpò oníke inú páálí, wọ́n lu àwọn kẹ́ẹ̀gì náà ní gbàǹjo. Òórùn ẹlẹ́rìndòdò máa ń bá rọ́bà wọn lọ, nítorí náà ẹni tó bá ra alòkù ní láti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ọmọrí rẹ̀: ó fẹ̀ débi tí apá èèyàn á wọlé lọ fọ ìsàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ilé ìpọntí ńlá ń lò kì í ṣí báyìí.

Bí a bá gbé kẹ́ẹ̀gì sínú fíríìjì tó wà ní nǹkan bíi 3°C, tí a sì fi rẹ́gúlétọ̀ díwọ̀n gáàsì sí 12 psi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lítà bíà kan á ti gbé gáàsì tó tó lítà méjì ààbọ̀ mì. Àwọn tó ń kánjú máa ń gbé e lọ sí 30 psi, wọn a sì máa mi kẹ́ẹ̀gì jìgìjìgì. Sùúrù ló tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tó bá mì í jù, ìfófó nìkan ni yóò máa rí já. Rọ́bà tí ọtí ń gbà jáde náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì gùn tó mítà mẹ́ta, kí agbára gáàsì lè rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹnu ẹ̀rọ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a ṣí i gbayawu. Bí a bá ṣí i díẹ̀díẹ̀, ọtí á di ìfófó.

Ní ti bíà dúdú, Michael Ash ti Guinness ló dá ọgbọ́n àpòpọ̀ náítírójínì àti carbon dioxide, èyí tó jáde ní 1959. Àwọn apọntí ilé náà ń lo irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, ìdá mẹ́ta náítírójínì sí ìdá kan carbon dioxide, láti inú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́rìndòdò kan náà.