Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Adìyẹ Ẹlẹ́yin Ń Sọ Nípa Salmonella, àti Ohun Tí Kò Sọ

Bí dókítà ẹran bá fẹ́ mọ̀ bóyá Salmonella Pullorum ti wọ agbo adìyẹ kan, abẹ́rẹ́ àti àwo funfun kan lè tó o. Yóò gún iṣan abẹ́ apá, yóò kán ẹ̀jẹ̀ lé àwo, yóò sì kán omi elésè-àlùkò tí òkú kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Á wá máa yí àwo náà jẹ́jẹ́. Bí adìyẹ yẹn bá ti bá kòkòrò náà pàdé rí, kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, àdàlù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bíi wàrà tó ń dì. Agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un ṣù. Ó fi hàn pé adìyẹ ti bá àrùn jà. Bóyá ó ṣẹ́gun, ìyẹn kò sí lórí àwo, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí.

Kí agbóguntàrùn tó dé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìfun. Salmonella Enteritidis, tó ń bá oúnjẹ tàbí omi wọlé, ní ìrù tín-ín-rín tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ìrù yìí ló sì ń tú u fó. Olùṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní TLR5, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun, máa ń dá a mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì á figbe ta, á tú interleukin-1 àti interleukin-6 jáde, hẹ́tẹ́rófíìlì á sì ya wá láti inú ẹ̀jẹ̀. Hẹ́tẹ́rófíìlì, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ló ń ṣe iṣẹ́ tí neutrophil ń ṣe lára ènìyàn. Lára òròmọdìyẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì gbójú tó. Ìdí kan nìyẹn tí Enteritidis fi lè pa òròmọdìyẹ, tí àgbà adìyẹ á sì máa ru ú kiri láìṣàìsàn.

Pullorum àti Gallinarum, èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù adìyẹ, kò ní ìrù ní tiwọn. Wọ́n ń yọ́ kọjá lára ìfun, wọ́n á wọ ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú. Àgbẹ̀ tó bá ti la òkú adìyẹ tí táífọ́ọ̀dù adìyẹ pa rí á rántí ẹ̀dọ̀ náà: ó wú, ó sì ń dán bí idẹ nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i.

Adìyẹ àti Salmonella ló la ojú wa sí ibi tí agbóguntàrùn ti ń wá. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Bruce Glick ń ṣèwádìí lórí bursa ti Fabricius, àpò kékeré kan tó wà lókè ihò ìdí adìyẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Timothy Chang, ń wá adìyẹ tí yóò fi kọ́ kíláàsì bí ara ṣe ń pèsè agbóguntàrùn. Glick fún un lára àwọn tó ti yọ àpò náà kúrò lára wọn. Chang gún wọn ní èròjà Salmonella, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò ṣù. Ìwé ìròyìn Poultry Science gbé àbájáde wọn jáde ní 1956. Lẹ́tà B tó wà nínú orúkọ sẹ́ẹ̀lì B tó ń pèsè agbóguntàrùn, títí kan tèmi àti tìrẹ, ara bursa adìyẹ ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ṣé agbóguntàrùn ló ń lé Salmonella kúrò? Ní 2006, Beal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Salmonella Typhimurium ran adìyẹ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì B tó ń ṣiṣẹ́. Adìyẹ wọ̀nyí lé e kúrò nínú ìfun bí àwọn tó ní in ṣe lé e. Èyí kò ṣòro láti lóye. Inú sẹ́ẹ̀lì macrophage tó gbé e mì gan-an ni Salmonella fi ṣe ilé. Agbóguntàrùn kò lè bá a wọ ibẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ìgbèjà ara mìíràn, ló ń tú èròjà interferon-gamma jáde, òun ló sì ń ta macrophage jí kí ó pa ohun tó gbé mì.

Ìwádìí Wigley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005 ló ká mi lára jù. Wọ́n fi Pullorum ran adìyẹ ní kékeré. Ara wọn yá, agbóguntàrùn kún ẹ̀jẹ̀ wọn, síbẹ̀ kòkòrò sápamọ́ sínú ọlọ inú fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, agbára sẹ́ẹ̀lì T wọn wálẹ̀, kòkòrò pọ̀ sí i, ó dé ilé ẹyin, ó sì wọ inú ẹyin. Ní gbogbo àkókò yẹn, agbóguntàrùn kò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, àjẹsára tó bá lè kọ́ sẹ́ẹ̀lì T ni mo gbà pé ó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ wá. Oríṣi 9R, tí a mú jáde láti ara Gallinarum, jẹ́ ààyè kòkòrò tí agbára rẹ̀ ti dín kù. Ó ń wọ macrophage bíi ti àrùn gan-an. Ó tún ń ran adìyẹ lọ́wọ́ sí Enteritidis. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Vom ń ṣe àjẹsára táífọ́ọ̀dù adìyẹ. Àmọ́ ẹni tó bá da oògùn apakòkòrò sínú omi adìyẹ lọ́sẹ̀ tó gún un ní 9R ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àjẹsára náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú rí èrè àjẹsára. Ní December 1988, Edwina Currie, mínísítà kékeré fún ìlera, sọ pé Salmonella ti wọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin ilẹ̀ náà. Ọjà ẹyin dojú dé, òun náà sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kan náà. Láti 1998 ni wọ́n ti ń fún adìyẹ ní àjẹsára kí ẹyin wọn tó gba àmì kìnnìún tó ń fi hàn pé ẹyin ṣeé jẹ. Ní 2017, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ níbẹ̀ sọ pé aboyún àti arúgbó lè jẹ ẹyin alámì yìí bí kò tilẹ̀ jinná.

Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń kó adìyẹ sínú kéèjì. Wọ́n á fà wọ́n lápá, wọ́n á pààrọ̀ oúnjẹ wọn, àwọn mìíràn á tún gún abẹ́rẹ́ tó kù lọ́jọ́ kan náà, kí wàhálà lè parí lẹ́ẹ̀kan. Ìpayà bí irú èyí ń rẹ ìgbèjà ara sílẹ̀, ó sì bọ́ sí àsìkò tí sẹ́ẹ̀lì T ti fẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ti ṣáájú kíkó náà tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara ti gbà á kí ẹyin àkọ́kọ́ tó yọ́ wá sí iwájú kéèjì, kékeré, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀.