Ìdọ̀tí Ìbàdàn, Ẹ̀yìnkùlé Ta?

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló ṣe é. Ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò àti pàǹtírí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ti dí ojú omi. Ìdọ̀tí tí ẹnì kan dà sómi l'Agodi lè di wàhálà fún ẹni tó ń gbé ní Mọ́lété nísàlẹ̀ odò. Odò kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀.

Òfin ló mọ̀ ọ́n. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mọ́kànlá sì ni ìjọba ìbílẹ̀ tó pín Ìbàdàn mọ́ra wọn lọ́wọ́: márùn-ún láàárín ìlú, mẹ́fà lẹ́yìn ìlú. Níbo wá ni ààtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ìjọba yàn wà? Awótán wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, Lápìtẹ̀ ní Akínyẹlé, Abà-Èkù ní Ọ̀nà Àrà, Ajákáńgà ní Olúyọ̀lé. Ẹ̀yìn ìlú ni gbogbo wọn. Àárín ìlú jẹ iṣu, ẹ̀yìn ìlú ń gba èèpo.

Kò burú kí ààtàn jìnnà sí ọjà. Ta ló fẹ́ kí eṣinṣin ààtàn wá bà lé ẹran ọjà Bódìjà? Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, kí ni ẹni tó ń gbọ́ òórùn ń rí gbà?

Àwọn kan á ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Èkó ti tọ ọ̀nà yẹn: ọdún 1977 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ akólẹ̀ ìpínlẹ̀ tó di LAWMA lónìí sílẹ̀. Ó ní àǹfààní, torí agbára ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo kò ká ilẹ̀, ọkọ̀ àti kòtò ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan pinnu, ẹlòmíràn lè tú u. Ní 2017, ìjọba Èkó gba iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí inú ilé kúrò lọ́wọ́ àwọn akólẹ̀ aládàáni tí wọ́n ń pè ní PSP, ó gbé e fún iléeṣẹ́ tuntun kan. Pàǹtírí gun orí ara wọn lójú títì. Nígbà tó yá, wọ́n tún dá àwọn PSP padà.

Ààtàn Olúṣòsun ní Ojọ́ta l'Ékòó náà, ẹ̀yìn ìlú ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1992. Ìlú lé e bá. Nígbà tí iná sọ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àárín ilé àti ọ́fíìsì ni èéfín rẹ̀ ń wọ̀. Ohun kan náà ló ń bọ̀ wá bá Awótán, torí àdúgbò Apẹ́tẹ̀ n'Ìbàdàn ti fẹ̀ dé etí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí òfin gbé dúró ló yẹ Ìbàdàn, irú èyí tí gómìnà kò ní lè dá tú ká. Kí wọ́n máa wọn ìdọ̀tí lórí òṣùwọ̀n lẹ́nu ààtàn, kí ìjọba ìbílẹ̀ tó kó o wá sì sanwó fún èyí tó gbà á. Kí àwọn tó ń ṣa ike àti irin níbẹ̀ ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, torí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ààtàn ju ẹnikẹ́ni ní Sẹkitéríátì ìjọba lọ. Bí ọjọ́ bá sì dé tí wọ́n fẹ́ yan ààtàn karùn-ún, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ará abúlé tí wọ́n fẹ́ gbé e fún, kí “rárá” wọn sì ní agbára.