Bí Ìlá-Yàrà Kò Bá Tú: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn tí a Tún Pa



Eré ni ó bí ọ̀rọ̀ òní. Ní àkókò ọlidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Ìlá. Ó ń ta ayò kan tí wọ́n ń pè ní Crusader Kings III, tí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní 2020. Ayò ni mo pè é, nítorí ìrònú ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tí ń ta á lè di ọba ní Yúróòpù ní ọdún 867 tàbí 1066. Yóò gbéyàwó, yóò jagun, yóò kú, ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ayò náà gba àwọn òǹtayò láyè láti tún un ṣe bí ó bá ti wù wọ́n, àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí sì ń ṣe lọ́wọ́. Ní 843, ní Verdun, àwọn ọmọ-ọmọ Charlemagne mẹ́ta, Lothair, Louis àti Charles, pín ilẹ̀ ọba bàbá ńlá wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó fẹ́ kí a gbà pé pípín náà kò wáyé rárá.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó bí ó bá bọ́gbọ́n mu."

Mo ka ohun tí ó kọ. Gbogbo nǹkan ni ó tòrò níbẹ̀: ìyàn kò mú, ọ̀tẹ̀ kò sí. Mo bi í pé ta ni ó wá jọba. Ó ní Lothair ni, nítorí òun ni àgbà. Mo ní, "Kí ni Louis àti Charles wá ń jẹ?" Ó dákẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti máa ń ṣubú. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọmọ jọ sí ihò kan, kí ó mọ ihò tí wọ́n ti kúrò. Mo wá sọ fún un pé kí a fi Verdun sílẹ̀ ná, kí a wo èyí tí ó wà ní ìdí ilé wa.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlá sọ pé Fágbàmílà Àjàgùnńlà, ọmọ Odùduwà, ni Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, pé ogbó ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣí ọ̀nà fún un nínú igbó, pé láti inú "ogbó mi mọ̀nà" ni a sì ti rí orúkọ Ìgbómìnà. Nígbà tí ó yá, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìlá-Yàrà. Níbẹ̀ ni ìjà oyè ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọba. Àwọn tí ó tẹ̀lé Arútú Olúòkun lọ tẹ Òkè-Ìlá dó. Àwọn tí ó tẹ̀lé Apákíìmọ̀ dúró díẹ̀ ní Ìlá-Màgbọ́n kí ilé wọn tó di Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìlá-Yàrà sì tú.

Bí a bá fẹ́ kí ó má tú ńkọ́? Òfin ogún ni a óò kọ́kọ́ wò. Nínú ayò náà, òfin tí ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù àtijọ́ ni pé bí ọba bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pín ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í gé adé bí ẹni gé iṣu. Ìdílé ọba a mú ọmọ wá, àwọn afọbajẹ a gbìmọ̀, wọn a bi Ifá, ẹnì kan ṣoṣo a sì gorí ìtẹ́. Ọmọ ọba tí kò bá rí i mú lè dìde, kí ó kó ará ilé rẹ̀, ẹbí ìyá rẹ̀ àti onílù rẹ̀, kí ó lọ. Ènìyàn ni ó kó lọ. Igbó pọ̀, kò sí ẹni tí ń jà sí i. Àwòrán ilẹ̀ tí a fi ọ̀dà kùn kò lè fi èyí hàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá Ìlá-Yàrà dúró kò nílò ọmọ ogun. Oyè ni yóò wá fún ẹni tí kò jọba, oyè tí ó tóbi tó láti mú un jókòó. Owó rẹ̀ sì nìyí: kò ní sí Òkè-Ìlá, kò ní sí adé tí ó wà níbẹ̀, oríkì tí a ń kì wọ́n kò ní sí pẹ̀lú.

Ọmọ náà ní ó tó bẹ́ẹ̀, nítorí Ìlá kan ṣoṣo tí ó lágbára ìbá ti ṣẹ́gun Ìbàdàn. N kò gbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ní Ìkìrun, nínú ogun tí a mọ̀ sí Jálumi, àwọn ará Ìlá wà pẹ̀lú Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Èrò pọ̀, síbẹ̀ Ìbàdàn lé wọn wọ odò Ọ̀tìn. Ohun tí ó wá dá Ìbàdàn dúró ní Kírìjì, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ni Èkìtìparapọ̀: adé púpọ̀ tí ó fọwọ́sowọ́pọ̀, tí ẹgbẹ́ wọn ní Èkó sì ń fi ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí ọba kan ṣoṣo tí ó jẹ lé gbogbo wọn lórí. Ẹni tí ó bá ka pípín sí àdánù ní gbogbo ìgbà, òfin Verdun ni ó fi ń wọn ilé wa.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò sí nínú ayò. Mo ka ìtàn tí a tún pa náà sí etí àgbà kan ní Ìlá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, èwo nínú àwọn ọmọ ọba méjèèjì ni ẹ fi jọba?" Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé mo ti ti ẹsẹ̀ bọ ẹjọ́. Ọ̀ràngún wà ní Ìlá, Ọ̀ràngún wà ní Òkè-Ìlá. Ìtàn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń pa nípa Ìlá-Yàrà, àwíjàre ni nípa ẹni tí ó jẹ́ àgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọmọ ọba kan sórí ìtẹ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe nínú eré, ó ti dá ẹjọ́ náà. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó yẹ kí ó tètè mọ èyí, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ ọ́n títí àgbà náà fi là mí lójú. Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ̀nà méjì, kí òǹtayò fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò gbà.

Pípín mìíràn wà tí kì í ṣe ọmọ ọba ni ó fà á. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ìlọrin sí abẹ́ Àríwá ní 1900, Òmù-Àrán, Òró àti Àjàṣẹ́-Ìpò bá a lọ. Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà wà ní apá Gúúsù. Ìlà náà kò parẹ́ nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀ ní 1967, kò sì parẹ́ nígbà tí a dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ní Ọ̀ṣun níhìn-ín pàápàá, Ìlá ni olú ìjọba ìbílẹ̀ kan, Òkè-Ìlá ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀. Bí a bá fún mi ní àǹfààní láti pa ohun kan ṣoṣo rẹ́ nínú ìtàn wa, ìlà 1900 yẹn ni n ó pa rẹ́. N ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ọba Ìlá-Yàrà máa jà lọ.

Nígbà tí ọmọ náà tún padà wá, ó ti tún ti Verdun kọ. Ó ti wá oyè fún Louis ní ẹ̀bá odò Rhine, ó sì ṣàlàyé ìdí tí yóò fi jókòó sí i. Charles nìkan ni kò tíì rí nǹkan fún.