Ẹran Tuntun, Ọgbọ́n Àtijọ́ ní Èsìẹ́

Ó rọrùn láti rò pé ọ̀sìn ehoro ti pẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọdẹ Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán ti ń pa ehoro. Ẹ̀rí ara ẹranko kò ti èyí lẹ́yìn. Tirun-tirun ni wọ́n ń bí ọmọ ehoro ìgbẹ́, ojú rẹ̀ á sì ti là. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ti inú àgò, ojú rẹ̀ á sì dì fún bí ọjọ́ 10. Ìran ọ̀tọ̀ ni wọ́n: agbègbè Spain àti Potogí ni ti inú àgò ti ṣẹ̀, òyìnbó ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Síbẹ̀, ìmọ̀ tí a fi ń bọ́ ọ kì í ṣe àlejò. Ẹni tó ń gé koríko fún ewúrẹ́, tó ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ kí májèlé inú rẹ̀ lè dín kù, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn lè sọ pé ewúrẹ́ kì í ṣe ehoro. Òótọ́ ni: ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ, ehoro ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ ara rẹ̀, eyín rẹ̀ kì í sì í dẹ́kun híhù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sọ koríko di ọ̀gá oúnjẹ rẹ̀, nítorí koríko ló ń dín gígùn eyín náà kù, tó sì ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Ohun pàtàkì tí a ní láti kọ́ kún un ni ìbẹ̀rù ooru: ibòji àti omi tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣáájú oúnjẹ ọjà.