Láti Inú Àáró Lísàbí

Nígbà tí Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà kó àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá jọ sínú àáró, tí wọ́n ń ro oko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n ń ro ti ẹlòmíràn lọ́la, kí ó tó sọ ẹgbẹ́ oko náà di ẹgbẹ́ ogun tí ó ja àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn wọn, kò sí ìjọba kan tí ó ṣòfin fún wọn pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. N kò mọ̀ bóyá Lísàbí wà lọ́kàn ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, Dókítà Moses Adékòyéjọ Majẹ́kódùnmí, agbẹ̀bí tí ó di Mínísítà Ìlera, nígbà tí ó gbé àbá wọ ilé aṣòfin l'Ékòó ní 1962 pé kí òṣìṣẹ́ máa dáwó jọ de ọjọ́ àìsàn. Ṣùgbọ́n ọmọ àáró ni àbá náà, ojú rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀.

Ọdún burúkú ni ó bọ́ sí. Ìjà fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ, wọ́n ń ju àga lura wọn nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn, Majẹ́kódùnmí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ sì rán wá ṣe alábòójútó Ìwọ̀ Oòrùn fún oṣù mélòó kan. Àbá náà kò fìdí múlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1967, ìró ìbọn ogun abẹ́lé ni gbogbo wa ń gbọ́.

Ní ọjọ́ tí 1983 parí, Sani Abacha bọ́ sórí rédíò, ó ní ilé ìwòsàn wa ti di ibi àyẹ̀wò lásán, ó sì fi èyí kún ìdí tí sójà fi gbàjọba. Ó lé ní ọdún 15 kí sójà mìíràn, Abdulsalami Abubakar, tó fọwọ́ sí òfin adójútòfò ìlera ní 1999, nígbà tí ó ti ń di ẹrù rẹ̀ láti lọ. Ní 2005 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ètò náà: kí ọ̀gá san 10 nínú 100 ìpìlẹ̀ owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san 5. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Aláta, mẹkáníìkì àti àgbẹ̀ ń wòran. Ní 2022 ni òfin tuntun sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn.

Dandan kọ́ ni àwọn aláta ń fi dá àjọ. Alájọ ń bọ̀ láàárọ̀, ìyá aláta ti mọ ohùn rẹ̀ kó tó yọjú. Ó na owó sí i pẹ̀lú ọwọ́ tí ata ti pọ́n, alájọ fa ilà kan sí káàdì tí ó ní ojúlé 31, ojúlé kan lára wọn jẹ́ ti alájọ, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó ni í, yóò sì gbà á pé pérépéré bí oṣù bá parí. Ìyá aláta yìí ni a wá ń bẹ̀ pé kí ó dáwó fún ìbà tí kò tíì ṣe é! Bí ó bá kọ́kọ́ ti ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", tí ó sì ti fi ọwọ́ yí orí ká, ìbéèrè tí ó kàn ni pé: "Bí n kò bá wá ṣàìsàn ńkọ́, ta ni yóò kó owó mi fún mi lópin oṣù?"