Onígbáméjì: Láti Ìdájí Dé Alẹ́

Oṣù Kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì ń jà l'Ékòó. Obìnrin tó wọn kílò 60 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí àrùn náà ṣe máa ń ṣe ni mo fi to ọjọ́ rẹ̀. Omi kànga tí ìdọ̀tí ṣáláńgá ti ṣàn wọ̀ ló mu níjẹta.

Aago 4 ìdájí. Inú ń kùn ún. Kòkòrò Vibrio cholerae ti la omi kíkan inú àpòlúkù já, ó ti lẹ̀ mọ́ ìfun kékeré, ó ń tu oró. Sambhu Nath De ló fi oró yìí hàn ní Kòlkátà lọ́dún 1959. Kì í gé ìfun jẹ. Ńṣe ló ń mú un tu iyọ̀ dànù, omi ara a sì tẹ̀ lé iyọ̀.

Aago 6. Ìgbẹ́ gbuuru dé. Kò pẹ́ tó fi ń funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Èébì tẹ̀ lé e.

Aago 7. "Ẹ má tíì fún un lómi, á tún bì í ni," ìyá àgbà kan nínú ilé wí. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó ń pààyàn ni: lítà omi kan lè jáde lára aláìsàn náà láàárín wákàtí kan.

Aago 9. Ojú ti jìn, ohùn ti há, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, kò tọ̀ mọ́. Bí a bá fa awọ ikùn rẹ̀, kì í tètè padà. Ó lè kú kí oòrùn tó wọ̀.

Aago 10, ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kò dúró de àyẹ̀wò. Omi Ringer's lactate gba iṣan wọlé: lítà 1.8 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lítà 4.2 ní wákàtí méjì ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Aago 1 ọ̀sán. Ó ti jókòó, ó ń mu ORS, omi tí a po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe fún adùn. Ọ̀nà kan wà tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọnú ara láti inú ìfun, oró náà kò sì lè dí i. Omi a bá wọn wọlé. Lọ́dún 1971, nígbà tí omi ìfàsára tán ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Bangaon, ní Íńdíà, irú omi ṣúgà àti iyọ̀ yìí ni Dókítà Dilip Mahalanabis fi gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Obìnrin náà tún gba doxycycline, miligíráàmù 300, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oògùn yẹn ń ké ọjọ́ àìsàn kúrú. Kò lè rọ́pò omi.

Aago 8 alẹ́. Ó tọ̀. Ewu ti ń kọjá.

Láìsí ìtọ́jú, onígbáméjì tó le lè pa ìdajì àwọn tó mú. Bí omi bá tètè wọlé, kì í pa tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ORS kò bá sí nílé, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà kan omi tó mọ́. Kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé, kó sì máa mu ún lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.